Kí ni BCL11A, kí ló sì kàn án nínú ọ̀rọ̀ SS?

Láti ìparí ọdún 2023, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tuntun kan fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ọ̀rọ̀ kan ti ń lọ láti ẹnu dé ẹnu: pé wọ́n ti ń sọ SS di AA. Àwọn òbí tó ní ọmọ SS ń béèrè ìgbà tí wọn yóò bá wọn pààrọ̀ jẹ́nótáìpù ọmọ wọn. Ìbéèrè gidi ni, ìrora ló bí i, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ìtọ́jú yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kò fọwọ́ kan jíìnì, ìyẹn ìlànà àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, tó fa àrùn náà rárá. Ibòmíràn ni wọ́n gbà lọ. Wọ́n lọ bá jíìnì kan tí kò ní àbùkù, tó ń ṣe iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán an, wọ́n sì dá a lọ́wọ́ kọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa nìkan. BCL11A ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ tí BCL11A ń ṣe ló lè mọ ohun tí ìtọ́jú náà lè fún ọmọ rẹ̀ àti ohun tí kò lè fún un.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ ìkókó. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ tó jẹ́ SS, àìsàn kankan kì í sábà hàn lára rẹ̀. Á mu ọmú, á tóbi, àwọn tó wá síbi ìkómọjáde á gbé e jó. Ó máa ń tó bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, kí ẹyinjú rẹ̀ tó pọ́n, kí igbe tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìdí rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lóru. Láyé ìjọ́un, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kú, tí àbúrò rẹ̀ náà tún bá ọ̀nà kan náà lọ, àwọn àgbà á ní àbíkú ni. Kò sí àní-àní lọ́kàn mi pé SS wà lára ohun tó pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ẹ̀gbọ́n Málọmọ́ àti Dúrójayé jẹ́.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé jíìnì àrùn náà ti wà lára ọmọ yẹn láti inú oyún. Kí ló wá ń dáàbò bò ó ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ tó lò láyé? Ní 1948, Janet Watson, dókítà àwọn ọmọdé ní Brooklyn ní ìlú New York, ṣàkíyèsí pé sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ kò tó nǹkan nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùdá yìí. Ó dábàá pé himoglóbìn ọmọ inú oyún, èyí tó ṣì kún inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun, ló ń gbà á sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Orí àkíyèsí yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa BCL11A dúró lé.

Himoglóbìn ló mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa, òun ló sì ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ káàkiri ara. Ẹyọ mẹ́rin ló máa ń so pọ̀ di himoglóbìn kan. Nínú oyún, méjì ń jẹ́ áfà, méjì tó kù ń jẹ́ gámà. Èyí ni wọ́n ń pè ní himoglóbìn F. Bí ọmọ bá ti ń sún mọ́ àtibí ni ara á bẹ̀rẹ̀ sí í dín gámà kù, tí á máa fi bẹ́tà rọ́pò rẹ̀. Áfà méjì pẹ̀lú bẹ́tà méjì ni himoglóbìn A, èyí tí àwa àgbàlagbà fi ń mí. Ní ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ, himoglóbìn F ṣì lé ní ìdajì gbogbo himoglóbìn rẹ̀. Tó bá fi máa pé ọdún kan, díẹ̀ ló kù. Lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, kì í tó 1 nínú 100.

Jíìnì bẹ́tà ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti ń wá. Lẹ́tà kan ṣoṣo, ìyẹn ẹyọ kan lára èròjà tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn di jíìnì, ló yí padà nínú rẹ̀, himoglóbìn tó sì ń ti ibẹ̀ jáde là ń pè ní S. Bí himoglóbìn S bá ti já ọ́síjìn tó gbé sílẹ̀, á máa lẹ̀ mọ́ èkejì rẹ̀, ìyẹn náà á lẹ̀ mọ́ òmíràn, títí tí wọ́n á fi gùn gbọọrọ nínú sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n á fi sọ sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó rọ̀ di líle, kó sì tẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì líle yìí kò lè gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kọjá. Á há síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á dí, ìrora tí a ń pè ní kíráísìsì á sì bẹ̀rẹ̀. Himoglóbìn F kì í bá S lẹ̀ pọ̀. Níbi tí F bá pọ̀ sí, ìsopọ̀ gígùn yẹn á já, tàbí kó má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara ọmọ ìkókó fi ń yá: gámà ṣì ń ṣiṣẹ́, bẹ́tà tó ní àbùkù kò tíì gba ipò.

Níbi tí mo bá dé báyìí ni mo máa ń fẹ́ kí ènìyàn dúró díẹ̀ kó ronú. Jíìnì gámà kò kúrò lára ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbà ẹni 80 ọdún ṣì ní i nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, bó ṣe wà nígbà tó wà nínú oyún, kò sí lẹ́tà kan tó sọnù nínú rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ SS, tó ń japoró lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ohun tó lè gbà á wà nínú ara rẹ̀ lódindi. Nǹkan kan ló pa á lẹ́nu mọ́. Fún ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn àkíyèsí Watson, àwọn onímọ̀ wá nǹkan náà, wọn kò rí i.

BCL11A ni. Ohun tó sì máa ń da àwọn tó ń kà nípa rẹ̀ láàmú jù ni pé orúkọ kan náà ni wọ́n fún jíìnì àti púrótéènì tó ń ti ara rẹ̀ jáde. Jíìnì BCL11A jẹ́ abala kan lára DNA, okùn inú sẹ́ẹ̀lì tí ìlànà àjogúnbá wà lára rẹ̀. Orí krómósómù kejì, ọ̀kan lára àwọn ìdì tí wọ́n di okùn náà sí, ló wà, ó sì gùn tó nǹkan bí 100,000 lẹ́tà. Ẹ̀dà méjì ni olúkúlùkù wa ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Jíìnì kì í ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ìlànà ni, sẹ́ẹ̀lì ló ń kà á, ohun tó bá kà ló fi ń mọ púrótéènì. Púrótéènì yẹn ló ń ṣiṣẹ́.

Bí a bá sì ti pe púrótéènì, ẹ̀wà àti ẹyin ló ń wá sí ọkàn wa. Òótọ́ ni pé irú èròjà kan náà ló wà nínú wọn, ṣùgbọ́n púrótéènì tí mò ń sọ yìí, ara ló ń ṣe é fún ìlò ara rẹ̀. Oríṣiríṣi ni wọ́n. Àwọn kan ń gbé nǹkan kiri, bíi himoglóbìn. Àwọn kan ń da oúnjẹ. Àwọn kan ló di iṣan àti awọ. BCL11A kò sí nínú àwọn wọ̀nyí. Iṣẹ́ àṣẹ ni tirẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti mọ ọ́n tán, inú àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì níbi tí DNA wà ló máa ń padà sí, á lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ jíìnì mìíràn, á sì pinnu bóyá kí wọ́n ka jíìnì ọ̀hún tàbí kí wọ́n má kà á. Púrótéènì tó ń darí jíìnì mìíràn nìyẹn. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ di ẹ̀jẹ̀ pupa, ìdákẹ́ ló ń pa láṣẹ.

Èyí tó gùn jù nínú oríṣi púrótéènì BCL11A ní ẹyọ 835 tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn. Láwọn ibì kan lára rẹ̀, ó ká lọ́wọ́, ó sì di èròjà zinc mú sínú ìká náà. Ibẹ̀ ló fi ń gbá DNA mú. Kì í kàn gbá ibi tó bá rí mú o. Lẹ́tà mẹ́fà ló ń wá: TGACCA. Àwọn lẹ́tà wọ̀nyí wà níwájú jíìnì gámà, ní nǹkan bí 115 lẹ́tà sí ibi tí kíkà rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. BCL11A á jókòó síbẹ̀, á pe àwọn púrótéènì mìíràn wá, wọ́n á jọ dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń wá ka gámà. Ní 2018 ni ìwádìí fi hàn gbangba pé orí lẹ́tà wọ̀nyí gan-an ló ń jókòó sí. Èyí sì tú àdììtú kan tó ti wà nílẹ̀ láti àwọn ọdún 1980. Wọ́n ti rí àwọn ìdílé kan ní ilẹ̀ Gíríìsì tí àgbàlagbà wọn ṣì ní himoglóbìn F tó pọ̀, tí ara wọn le koko. Lẹ́tà kan ló yí padà lára wọn, lójú ibi tí mo wí yìí. Ìjókòó BCL11A ni lẹ́tà yẹn bà jẹ́. Kò ríbi gbá mú mọ́, gámà sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Orúkọ náà fúnra rẹ̀ fi hàn pé kò sí ẹni tó ń ronú himoglóbìn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i. BCL wá láti inú orúkọ jẹjẹrẹ tó ń mú irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan tí wọ́n ń pè ní B. Ní 2001 ni wọ́n ṣàpèjúwe jíìnì yìí nínú àwọn jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yí padà. Swee Lay Thein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ń wá ìdí tí àgbàlagbà kan fi ń ní F díẹ̀ sí i ju ẹlòmíràn lọ. Wọ́n yẹ DNA àwọn ènìyàn wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ibi kan lára krómósómù kejì sì ń jáde lemọ́lemọ́. BCL11A ló wà níbẹ̀. Ní 2008, àwọn tó ń ṣèwádìí ní erékùṣù Sàdíníà ní Ítálì bá ibì kan náà pàdé, àwọn tó ń wo àwọn aláìsàn SS ní Amẹ́ríkà àti Brazil náà bá a pàdé.

Ìbàdàn ní ọwọ́ nínú èyí, ó sì wù mí kí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá mọ̀ ọ́n. Irú ìwádìí tó ń yẹ DNA wò lódindi báyìí kò lè wáyé láìsí àkọsílẹ̀ kan tó fi hàn ibi tí DNA ènìyàn ti ń yàtọ̀ síra. Iṣẹ́ ńlá tó ṣe àkọsílẹ̀ yẹn ni HapMap, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, tó gbé àbájáde àkọ́kọ́ jáde ní 2005. Ìran mẹ́rin ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn: àwọn ará Utah ní Amẹ́ríkà, àwọn ará Beijing, àwọn ará Tokyo, àti àwọn Yorùbá Ìbàdàn. Ìdílé 30 ló kópa ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ, ènìyàn 90. Títí di òní, bí ẹ bá ka ìwé ìwádìí nípa DNA níbikíbi láyé, ẹ ó rí lẹ́tà YRI nínú ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn ni.

Kí ibì kan máa jáde nínú ìwádìí kò tíì sọ pé òun ló jẹ̀bi. Ní 2008 kan náà, Vijay Sankaran àti Stuart Orkin ní Boston mú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tó fẹ́ di ẹ̀jẹ̀ pupa, wọ́n dín BCL11A inú rẹ̀ kù, himoglóbìn F sì gòkè. Ní 2011, wọ́n mú eku tí wọ́n ti fún ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, wọ́n yọ BCL11A kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ nìkan, eku náà sì bọ́ lọ́wọ́ àmì àrùn yẹn. Jíìnì S ṣì wà lára eku ọ̀hún bó ṣe wà.

Ẹlòmíràn á ní, ó tán, ẹ yọ BCL11A dànù lára àwọn aláìsàn. Kò tán o. BCL11A kò jókòó ti gámà nìkan. Láìsí i, sẹ́ẹ̀lì B tó ń bá kòkòrò àrùn jà kò lè dàgbà. Eku tí wọ́n bí láìní BCL11A rárá kì í yè. Ọpọlọ nílò rẹ̀ bó ṣe ń dàgbà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ inú mùdùnmúdùn eegun, tí gbogbo ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, nílò rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ kan wà láyé tí ẹ̀dà BCL11A kan ti bàjẹ́ lára wọn láti inú oyún. Ọ̀rọ̀ sísọ máa ń pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀kọ́ máa ń nira fún wọn. Nígbà tí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, himoglóbìn F pọ̀ nínú rẹ̀. Lára àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ayé ti rí ohun méjì lẹ́ẹ̀kan: pé BCL11A ló ń pa gámà lẹ́nu mọ́ lóòótọ́ lára ènìyàn, àti pé ewu ńlá ni láti bà á jẹ́ káàkiri ara.

Ọ̀nà àbáyọ wá ní 2013. Daniel Bauer, Orkin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí abala kékeré kan nínú jíìnì BCL11A fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe ara ìlànà tí wọ́n fi ń mọ púrótéènì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé jíìnì náà dìde, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa nìkan ló sì ti ń ṣe é. Ẹ wo ilé tí iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì kan ṣoṣo wọ̀, tí yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní suwíìṣì tirẹ̀. Bí ẹ bá pa ti pálọ̀, ti ilé ìdáná ṣì ń tàn. Suwíìṣì ti ẹ̀jẹ̀ pupa ni wọ́n rí. Ọpọlọ ní tirẹ̀, sẹ́ẹ̀lì B ní tirẹ̀, kò sí èyí tó máa kú nínú wọn bí ti ẹ̀jẹ̀ pupa bá kú. Ní 2015 wọ́n yẹ abala náà wò lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, wọ́n sì mọ ojú ibi tí gígé rẹ̀ á ti já suwíìṣì náà pátápátá.

Ohun tí ìtọ́jú tí wọ́n fọwọ́ sí ń gé nìyẹn. Casgevy ni orúkọ rẹ̀. CRISPR ni wọ́n fi ń gé e, irinṣẹ́ tí Emmanuelle Charpentier àti Jennifer Doudna gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 2020. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọ́n á ṣa sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ jáde nínú rẹ̀, wọ́n á kó o lọ sí yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á gé suwíìṣì BCL11A níbẹ̀. Ó lè gba oṣù mélòó kan. Kí wọ́n tó dá sẹ́ẹ̀lì náà padà, wọ́n ní láti fi oògùn líle, irú èyí tí wọ́n ń fún àwọn alárùn jẹjẹrẹ, pa sẹ́ẹ̀lì àtijọ́ inú mùdùnmúdùn, kí tuntun lè ríbi gbé. Ibí yìí ni wàhálà pọ̀ sí. Aláìsàn á wà lọ́sibítù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ara rẹ̀ kò ní lè bá kòkòrò jà, irun lè re, ẹnu lè dégbò. Oògùn náà sì lè ba agbára ọmọ bíbí jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba aláìsàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n tọ́jú ẹyin tàbí àtọ̀ rẹ̀ pamọ́ ṣáájú.

Victoria Gray, obìnrin kan láti ìpínlẹ̀ Mississippi, ni ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́ SS tí wọ́n ṣe èyí fún ní Amẹ́ríkà. Ní 2019 ni, ní ìlú Nashville. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ìtàn ara rẹ̀ fáyé gbọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà máa fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá 2023, aláìsàn 31 ni wọ́n ti tẹ̀ lé pẹ́ tó láti ṣèdájọ́. 29 nínú wọn ló ti lo ọdún kan gbáko, ó kéré tán, láìní kíráísìsì líle kankan. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fọwọ́ sí i ṣáájú, ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún náà. Àwọn tó ti pé ọdún 12 lọ sókè ni wọ́n fọwọ́ sí i fún nígbà náà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ SS tó di AA. Bí ẹ bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó gba ìtọ́jú yìí wò, F á tó nǹkan bí 40 nínú 100, S ló máa kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Himoglóbìn A kò ní wọlé. Kò sí ibi tí A á ti wá, torí pé kò sí ẹni tó tún jíìnì bẹ́tà ṣe. Ẹni náà ṣì jẹ́ SS. Himoglóbìn F rẹ̀ ló pọ̀ tó láti má ṣe jẹ́ kí S ráyè.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tààrà, ó sì yẹ kí ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ yín. Sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn nìkan ni wọ́n gé. Wọn kò dé ibi tí ẹyin obìnrin wà, wọn kò dé ibi tí àtọ̀ wà. Bí ẹni tí ara rẹ̀ ti yá nípasẹ̀ ìtọ́jú yìí bá fẹ́ ẹni tó jẹ́ AS, ìdajì ni ìrètí pé ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí á jẹ́ SS, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí kí ó tó gba ìtọ́jú. Ọmọ yẹn á jogún BCL11A tó pé pérépéré, BCL11A á sì pa gámà rẹ̀ lẹ́nu mọ́ nígbà tí oṣù bá tó.

BCL11A tún ṣàlàyé ohun kan tí àwọn ìdílé máa ń sọ di ọ̀rọ̀ ẹ̀bi. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lè jẹ́ SS, kí ọ̀kan máa wọ ọsibítù léraléra, kí èkejì lọ fásitì kó sì gboyè láìfi bẹ́ẹ̀ ṣàìsàn. Wọ́n á ní ẹni tó ń ṣàìsàn kì í mu omi dáadáa, tàbí pé ìyá rẹ̀ kò tọ́jú rẹ̀ tó. Omi mímu àti ìtọ́jú ṣe pàtàkì o, mi ò sọ pé kò ṣe é. Ṣùgbọ́n jíìnì BCL11A ní oríṣi tó yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ènìyàn sí ènìyàn, àwọn kan jogún èyí tí suwíìṣì rẹ̀ kò lágbára púpọ̀, F wọn sì ga díẹ̀. Àwọn jíìnì mìíràn náà ń bá a dá sí i. Ìyàtọ̀ tún wà láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Àwọn tó jẹ́ SS ní ìlà oòrùn Saudi Arabia àti ní àwọn apá kan ní Íńdíà máa ń ní F púpọ̀, àìsàn wọn kì í sì sábà le tó tiwa. Irú S tó wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà àti ilẹ̀ Olómìnira Benin, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní irú ti Benin, F tó ń bá a rìn kò tó tiwọn. Irú yìí kan náà ni wọ́n ń bá lára ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Bahia ní Brazil, níbi tí ọkọ̀ ẹrú já àwọn ènìyàn wa sí.

Owó Casgevy ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan. Ní ilẹ̀ England, NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, gbà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 láti máa ṣe é fún àwọn SS kan tó bá yẹ fún, nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí lọ́hùn-ún, ẹ ní kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà wọn. Ní Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ń bí ọmọ SS tó nǹkan bí 150,000 lọ́dọọdún, owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ìdílé kan lè jókòó sọ. Ó dùn mí pé ilẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi mọ DNA aráyé ni ìtọ́jú yìí jìnnà sí jù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá bá yín pé òun ní àgbo tàbí kápúsù tó ń pa BCL11A, ẹ bi í léèrè ìwádìí tó fi hàn bẹ́ẹ̀ lára ènìyàn. Kò ní rí i mú jáde.

Oògùn kan wà tó ń gbé himoglóbìn F sókè láìgé ohunkóhun: hydroxyurea. Láti 1998 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún àgbàlagbà tó jẹ́ SS, wọ́n sì ti ṣèwádìí rẹ̀ ní Kano àti Kaduna lára àwọn ọmọ SS tí rọpárọsẹ̀ fẹ́ mú. Ẹnu ni wọ́n ń gbà lò ó, lójoojúmọ́. Dókítà ní láti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bí ẹni náà ti ń lò ó, torí ó lè mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ dín kù jù, obìnrin tó bá sì fẹ́ lóyún gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà ṣáájú. Kò lágbára tó gígé BCL11A, kò sì ṣe bákan náà lára gbogbo ènìyàn. Síbẹ̀ òun ni ọwọ́ wa lè tó báyìí, ó sì ń dùn mí bí àwọn òbí kan ṣe ń sá fún un kìkì nítorí pé wọ́n gbọ́ pé oògùn jẹjẹrẹ ni.

Bí wọ́n bá ṣe àyẹ̀wò fún ọmọ tuntun yín, ẹ wo lẹ́tà tó wà nínú èsì. FA ni ti ọmọ tí kò ní S. FAS sábà máa ń jẹ́ ọmọ AS. Bí ẹ bá rí FS, ẹ má ṣe jẹ́ kí F yẹn fi yín lọ́kàn balẹ̀: kò sí A níbẹ̀, ó ṣeé ṣe gan-an kí ọmọ náà jẹ́ SS, BCL11A rẹ̀ ni kò tíì parí iṣẹ́. Ẹ padà lọ tún àyẹ̀wò náà ṣe bí dókítà bá ṣe dá yín lọ́jọ́, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kí oṣù kẹfà tó pé.